Ìdílé James Joyce àti ìlú tó fi sílẹ̀: báwo ni kí a ṣe ka iṣẹ́ rẹ̀?

Olùkọ́ Kàbà béèrè pé:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Kàbà níbí, lítíréṣọ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan dá ẹgbẹ́ òǹkàwé sílẹ̀, a sì máa ń pàdé lóṣooṣù láti jíròrò lórí ìwé kan tí gbogbo wa ti kà. Ìwé James Joyce, ọmọ Ireland, ni a fẹ́ kà ní oṣù Kẹfà tó ń bọ̀. A kò tíì ṣí ojú ewé kìíní tí àríyànjiyàn fi bẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sọ fún wọn.

Ohun tí mo sọ kò ju èyí lọ: pé ìlú Dublin ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1882, pé John Stanislaus Joyce, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọmọ ìlú Cork tí ó jogún ilé, tí ó ní iṣẹ́ agbowó-orí lọ́wọ́, tí ohùn orin rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n tí ọtí àti gbèsè gbé gbogbo rẹ̀ mì, pé mẹ́wàá ló yè nínú àwọn ọmọ tí Mary Jane ìyá rẹ̀ bí, James sì ni àgbà gbogbo wọn. Nígbà tí ọwọ́ ṣì dẹ̀ wọ́n, wọ́n fi í sí Clongowes Wood College, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Jesuit, ní 1888. Ní 1891 owó tán, ọmọ padà sílé. Ní 1893 àwọn Jesuit kan náà gbà á sí Belvedere College láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, láti ibẹ̀ ni ó ti dé yunifásítì, tí ó sì gboyè jáde ní 1902. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1904, òun àti Nora Barnacle, ọmọbìnrin Galway kan tó ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Dublin, di ẹrù wọn, wọ́n gba òkèèrè lọ láìṣe ìgbéyàwó. Ọmọ ọdún 22 ni ó jẹ́. Trieste, Zurich àti Paris ni ó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ayé rẹ̀. Ọdún 1912 ni ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ireland gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ 1941 ni ó kú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa wá dìde. Ó ní ọkùnrin tí ó kọ̀ láti kúnlẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ, tí ó fi àwọn àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ sínú òṣì, tí kò sì padà wálé títí ọlọ́jọ́ fi dé, kí ló dé tí ìlú tí ó kọ̀ sílẹ̀ fi ń ṣe ọdún fún un? Ó ní nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó lọ Kàdúná, ẹni tó lọ Èkó, ẹni tó lọ Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo wọn ni wọ́n ń gbìyànjú láti wálé ṣọdún, ẹni tí ikú bá sì ká mọ́ ẹnu iṣẹ́ lọ́hùn-ún, wọ́n á gbé òkú rẹ̀ wálé ni. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ àwọn ènìyàn lára, èmi náà sì rí i pé kò yẹ kí n fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ìbéèrè mi nìyí: kí ni ẹni tí kò padà sílé fi jẹ́ ti ilé? Ipa wo gan-an ni àwọn ẹbí rẹ̀ kó nínú iṣẹ́ yìí, kí sì ni iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ wọn? Mo fẹ́ ìdáhùn tí mo lè gbé síwájú ẹgbẹ́, nítorí n kò fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí pa ìwé náà dé kí wọ́n tó ṣí i.

Ìyá Ìsánlú dáhùn pé:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ìwé Joyce kò kúrò lórí tábìlì mi. Ẹ bá mi kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ọ̀rọ̀ gidi ni ó sọ. Ẹ jẹ́ kí a ti orí ìkúnlẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ó wúwo jù.

Paris ni Joyce wà, tí ebi ń pa á, nígbà tí bàbá rẹ̀ tẹ wáyà sí i ní oṣù Kẹrin ọdún 1903 pé ìyá rẹ̀ ń kú lọ, kí ó máa bọ̀ nílé. Ó yá owó ọkọ̀, ó sì wálé. Àìsàn jẹjẹrẹ ni ó ń ṣe ìyá náà, orí ibùsùn ni ó sì wà títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ. Láàárín àwọn oṣù wọ̀nyẹn ó bẹ àkọ́bí rẹ̀ pé kí ó lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún àlùfáà, kí ó sì gba Ara Olúwa. Ọmọ náà, tí kò gbà gbọ́ nínú ìjọ mọ́, kọ̀. Nígbà tí ọjọ́ ikú pé, tí ìyá kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn ẹbí kúnlẹ̀ yí ibùsùn ká, wọ́n ń gbàdúrà. Ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin ìyá náà ṣàkíyèsí pé James àti Stanislaus, àbúrò rẹ̀, dúró ṣánṣán. Ó ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Àwọn méjèèjì ni kò kúnlẹ̀, kì í ṣe James nìkan.

Ẹ wá wo ohun tí Joyce fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe nínú Ulysses, ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ tí ó dá lé ọjọ́ kan ṣoṣo ní Dublin. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, arákùnrin ìyá ni ó pàṣẹ, ìyá fúnra rẹ̀ kò gbọ́, kò mọ̀. Nínú ìwé, ìyá ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ ọmọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ ọmọ náà sì fi í dá a lẹ́bi ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ìwé náà kò tíì rìn jìnnà. Òkú ìyá náà tún yọ sí i ní òru ọjọ́ yẹn. Joyce fúnra rẹ̀ ni ó bù kún ẹ̀sùn náà, tí ó sì gbé e ka orí Stephen Dedalus, ẹni tí ó fi dúró fún ara rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí ikú ìyá rẹ̀ kò dùn kì í ṣe irú èyí. Ó kọ̀ láti parọ́ ìgbàgbọ́ tí kò ní, ó sì ru ẹrù ìkọ̀sílẹ̀ náà ní gbangba, níwájú gbogbo ayé, fún ìyókù ọjọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé ó fi àwọn àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ sínú òṣì ní òtítọ́ nínú, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tún wà, ìyẹn ni pé àbúrò gan-an ni ó gbé e ró. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ yín dárúkọ kí wọ́n tó dárúkọ James, Stanislaus ni. Ọmọ ọdún 20 ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é wá sí Trieste ní 1905. Ilé-ẹ̀kọ́ Berlitz tí James ti ń kọ́ àwọn ará ìlú náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òun náà ti rí iṣẹ́. Owó oṣù rẹ̀ bá ti ẹ̀gbọ́n lọ: owó ilé, owó oúnjẹ, gbèsè tí ẹ̀gbọ́n jẹ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òun ni ó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri ilé ọtí kí ó lè mú un wálé sùn. Ìwé ìrántí tí Stanislaus ń kọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á, ó sì mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú ọ̀kan nínú àwọn ìtàn Dubliners, ìwé àkójọ ìtàn kúkúrú rẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́, ìjọba Austria, tí Trieste wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, kó Stanislaus sí àhámọ́ ní 1915, kò sì jáde títí ogun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. James àti ìdílé rẹ̀ rí àyè kọjá sí Zurich ní ọdún yẹn kan náà, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ púpọ̀ nínú Ulysses ní ìdákẹ́jẹ́. Ó dùn mí pé àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún Joyce kì í sábà rántí pé ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, ọjọ́ àjọ̀dún náà gan-an, ni Stanislaus kú ní 1955.

Nora náà ńkọ́? Ó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti kékeré, kò sì ka Ulysses parí. Síbẹ̀, The Dead, tí ó kẹ́yìn àwọn ìtàn 15 inú Dubliners, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó dára jù nínú wọn, ẹnu Nora ni ó ti jáde wá. Ọmọkùnrin kan ní Galway fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọge, ọmọkùnrin náà ṣàìsàn, ó sì kú ní èwe. Nora sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn dé Trieste, ní 1907 ó sọ ọ́ di ìtàn ọkọ kan tí ó mọ̀, ní òru ọjọ́ àríyá, nígbà tí yìnyín ń bọ́ sórí gbogbo ilẹ̀ Ireland, pé òkú kan wà láàárín òun àti aya òun tí òun kò lè bá díje. Bí Nora ṣe ń kọ lẹ́tà, láìfi àmì ìdánudúró sí i, tí ọ̀rọ̀ kan ń ti òmíràn lẹ́yìn, wà nínú orí ìparí Ulysses níbi tí Molly Bloom, aya Leopold Bloom tí ìwé náà dá lé lórí, ti ń ro èrò rẹ̀ lórí ibùsùn. Ọjọ́ tí gbogbo ìtàn Ulysses ṣẹlẹ̀, 16 oṣù Kẹfà 1904, ni ọjọ́ tí Joyce àti Nora kọ́kọ́ jọ rìn jáde.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ kà sí etí wọn. Joyce ní ìyàwó arákùnrin ìyá rẹ̀ kan, Josephine Murray, tí kò kúrò ní Dublin. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1921, nígbà tí ìwé náà ti wà lọ́wọ́ atẹ̀wé, Joyce kọ̀wé sí i láti Paris pé kí ó bá òun wo ilé onínọ́ńbà 7 ní òpópónà Eccles: ǹjẹ́ ènìyàn lásán lè gun irin ọgbà tó wà níwájú ilé náà, kí ó fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ ọn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi sún mọ́lẹ̀, kí ó sì já sílẹ̀ láìfarapa? Leopold Bloom ni ó fẹ́ kí ó gba ibẹ̀ wọlé, nítorí ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílé. Ẹni tí ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí kò rí Dublin ni ó ń béèrè gíga irin ojúlé kan. Ìyẹn ni mo fi ń dá ìbéèrè àkọ́kọ́ yín lóhùn. Dublin ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìwé ìtàn tí ó tẹ̀ jáde nígbà ayé rẹ̀, àwọn ará ilé ni wọ́n sì ń fi ìlú náà ránṣẹ́ sí i.

Ọmọ Ìyàrà ní Kàdúná dáhùn pé:

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Olùkọ́, ẹ kú àpérò. Mo fara mọ́ ohun tí Màmá sọ nípa Stanislaus, ṣùgbọ́n kò ní dára kí a dúró síbẹ̀, nítorí a kò tíì dárúkọ Lucia.

Ọmọ méjì ni Joyce bí, Giorgio ní 1905 àti Lucia ní 1907. Trieste ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, wọ́ọ̀dù àwọn tálákà nínú ilé ìwòsàn ni wọ́n sì bí Lucia sí. Èdè Ítálì ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Wọ́n dé Zurich, Jámánì ni ti ìta. Wọ́n dé Paris, Faransé ni ti ìta. Láti yàrá àyágbé kan sí òmíràn ni. Ọmọbìnrin náà kọ́ ijó, ó sì mọ̀ ọ́n dé ibi pé ní 1929 ó wọ ìpele àṣekágbá ìdíje kan ní Paris. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi ijó sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ pé ọmọ 50 ọdún, 2 oṣù Kejì 1932, ó ju àga lu ìyá rẹ̀, Giorgio sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ náà lọ, dókítà ń tẹ̀ lé dókítà. Carl Jung pàápàá, gbajúmọ̀ dókítà ọpọlọ, tọ́jú rẹ̀ ní 1934. Joyce kò gbà pé orí ọmọ rẹ̀ ti dàrú, ó ní ẹ̀bùn tí ó dà bí ti òun ni ọmọ náà ní, ó sì ń náwó lé e lórí bí ẹni tí kò ní gbèsè lọ́rùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1940, nígbà tí àwọn Jámánì ti gba ilẹ̀ Faransé, ìdílé náà sá padà sí Zurich. Joyce sa gbogbo ipá rẹ̀ kí Lucia lè bá wọn lọ. Kò ṣeé ṣe. Kò pé oṣù kan tí wọ́n débẹ̀ tí bàbá fi kú. Láti 1951 ni Lucia ti wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ kan ní Northampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1982, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wà ní Zurich.

N kò sọ pé ìwé ló fa àìsàn náà. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín sọ ọ́, nítorí kò sẹ́ni tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì rọrùn púpọ̀ láti di ẹ̀bi àìsàn ọpọlọ ru òbí. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí a bá ń ka àwọn tí iṣẹ́ náà kọjá lórí wọn, kí a ka ọmọ náà mọ́ wọn. Stephen, ọmọ Giorgio, tí í ṣe ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tí Joyce ní, sọ ní gbangba ní 1988 pé òun ti run gbogbo lẹ́tà tí Lucia kọ sí òun, nítorí ọ̀rọ̀ ìdílé kì í ṣe ohun tí àlejò ń tú wò. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ lo ọ̀rọ̀ bàbá-bàbá rẹ̀ nínú ìwé wọn. Ará ilé wa yóò tètè lóye rẹ̀, torí a kì í na aṣọ ìdọ̀tí sójú ọjà. Ṣùgbọ́n a gbọ́ ohùn bàbá nínú àìmọye ìwé, a gbọ́ ohùn Stanislaus nínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ti Lucia ni wọ́n run púpọ̀ nínú rẹ̀. Stephen kú ní 2020 láìní ọmọ, ìran Joyce tààrà sì parí síbẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn obìnrin tí kì í ṣe ẹbí. Margaret Anderson àti Jane Heap ń tẹ Ulysses díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wọn ní Amẹ́ríkà láti 1918, ilé-ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi ní 1921 pé ìwé ìṣekúṣe ni, wọ́n sì san 50 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan. Sylvia Beach, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ní Paris, tẹ odidi rẹ̀ jáde ní ọjọ́ tí Joyce pé 40 ọdún, 2 oṣù Kejì 1922, ẹ̀dà 1,000. Harriet Shaw Weaver bọ́ òun àti ilé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni ó sì sanwó ìsìnkú rẹ̀. Oṣù Kejìlá 1933 ni adájọ́ John Woolsey ní New York tó sọ pé Ulysses kì í ṣe ìwé ìṣekúṣe.

Olùkọ́ Kàbà:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò wa ní Kàdúná. N óò ka ìtàn Lucia fún wọn bí ó ti wà, láìbù mọ́ ọn, láìyọ kúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin wa yóò tún padà sórí ọ̀rọ̀ òkú, mo mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí wọn kò gbé e wálé? Ṣé òun ni ó kọ̀ ni, àbí ilé ni ó kọ̀ ọ́? Ta ni ó sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún yìí?

Àgbà Mọ̀pà dáhùn pé:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ. Olùkọ́, ìbéèrè yín kejì ni ìdáhùn sí ìkínní.

Kí a mọ ìdí tí 1912 fi di ìgbà ìkẹyìn. Joyce ti parí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Dubliners láti 1905. Akéde-ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbà á, ó tún dá a padà. Ilé-iṣẹ́ Maunsell ní Dublin gbà á ní 1909, wọ́n sì fi í falẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n ní ó dárúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ti kú lọ́nà tí kò yẹ, wọ́n ní ó dárúkọ àwọn ilé ọtí àti ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìlú bí wọ́n ti ń jẹ́ gan-an, àwọn tó ni wọ́n lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹ fojú inú wò ó bí ẹnì kan bá kọ ìtàn nípa Kàbà tàbí Mọ̀pà níbí, tí ó dárúkọ ilé ọtí ojú títì àti ẹni tó ni ín! Joyce, aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ wá sí Ireland nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn ní 1912, ó sì gbìyànjú láti bá wọn yanjú rẹ̀. Atẹ̀wé náà pa gbogbo ojú ewé tó ti tẹ̀ run. Ìdílé náà wọkọ̀ padà sí Trieste, Joyce sì kọ ewì ìbínú sí wọn lójú ọ̀nà. 1914 ni Dubliners tó jáde, Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti jáde, ẹni tó kọ́kọ́ dá a padà náà ni ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó ti sọ èrò rẹ̀ nípa Ireland ṣáájú ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ka A Portrait of the Artist as a Young Man, tó jáde ní 1916, yóò rí i pé ó yàn láti lọ. Ṣùgbọ́n yíyàn láti lọ yàtọ̀ sí pé kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni nígbà tí a yà wálé.

Ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 1941 ni ó kú ní Zurich lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọgbẹ́ inú rẹ̀ ni ó lu. Àlùfáà Àgùdà kan fẹ́ ṣe ìsìn fún un, Nora ní òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Wọ́n sin ín ní ibi ìsìnkú Fluntern, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sí aṣojú ìjọba Ireland kankan. Lẹ́yìn ogun, Nora béèrè pé kí wọ́n gbé òkú ọkọ òun wálé sí Ireland. Ilé kọ̀. Kì í ṣe Joyce ni ó kọ̀, Olùkọ́, ẹ sọ èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kí ó yé e dáadáa. Harriet Weaver fẹ́ fún ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè ní Dublin ní àfọwọ́kọ Finnegans Wake, ìwé tí Joyce fi ọdún 17 kọ, tí ó pa èdè púpọ̀ pọ̀ sójú kan, tí ó jáde ní 1939. Ìbínú Nora àti Giorgio ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó gbà á. Nora kú ní 1951, ó sì wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Fluntern títí dòní, Giorgio náà wà níbẹ̀. Ní 2019 àwọn ìgbìmọ̀ ìlú Dublin kan tún dá a sílẹ̀ pé kí wọ́n gbé e wálé, kò sì tíì ṣẹlẹ̀.

Ní ti àjọ̀dún náà, tí wọ́n ń pè ní Bloomsday láti ara orúkọ Leopold Bloom, àwọn òǹkọ̀wé ni wọ́n dá a sílẹ̀, kì í ṣe ìjọba. Ní 16 oṣù Kẹfà 1954, tí ọjọ́ inú ìwé náà pé 50 ọdún, Patrick Kavanagh, Brian O'Nolan àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn háyà ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin láti gba gbogbo ibi tí ìwé náà gbà kọjá. Mọ̀lẹ́bí Joyce kan, tí í ṣe dókítà eyín, wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn, kí ilé má bàa ṣàìní aṣojú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Sandycove létí òkun, wọ́n ń yà nílé ọtí lójú ọ̀nà, wọn kò sì rìn ín dé òpin. Ní 1962, ilé ìṣọ́ olókùúta tó wà ní Sandycove, níbi tí Ulysses ti bẹ̀rẹ̀, di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Sylvia Beach sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ilé onínọ́ńbà 7 tí Màmá sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, wọ́n wó o ní 1967. Ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà là, ó sì wà ní James Joyce Centre. Láti 1993 títí Euro fi dé ní 2002, àwòrán Joyce ni ó wà lára owó ìwé pọ́n-ùn mẹ́wàá ilẹ̀ Ireland. Ó ti kú fún ọdún 52 kí wọ́n tó ṣe ìyẹn fún un.

Ìyá Ìsánlú dáhùn pé:

Bàbá Mọ̀pà, ẹ ṣeun, ẹ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Olùkọ́, n óò sọ ti ìwé kíkà fúnra rẹ̀.

Ẹ má fi Ulysses bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ ìwà Joyce. Ẹ fi Dubliners bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí àwọn ìwé tí ó tẹ̀ jáde nígbà ayé rẹ̀ ti parí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012, lẹ́yìn 70 ọdún tí ó kú, nítorí náà ẹ lè tẹ ìtàn tí ẹ bá fẹ́ síwèé fún gbogbo ẹgbẹ́ láìjẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ẹ kọ́kọ́ mú Eveline, ojú ewé rẹ̀ kò tó mẹ́wàá. Ọmọbìnrin ọdún 19 ni, ìyá rẹ̀ ti kú, ó ti ṣèlérí fún ìyá náà pé òun yóò mú ilé dúró, bàbá rẹ̀ sì le. Atukọ̀ kan tó fẹ́ràn rẹ̀ ti sanwó ọkọ̀ ojú omi fún un kí wọ́n jọ lọ sí Buenos Aires. Ó dé èbúté, ọkọ̀ fọn fèrè, ó di irin mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò sì lọ. Joyce tẹ ìtàn yìí jáde ní oṣù Kẹsàn-án 1904, nígbà tí ó ku oṣù kan kí òun àti Nora wọ ọkọ̀ tiwọn. Ẹ fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kí ó kà á sókè fún gbogbo ilé, kí ẹ wá bi í bóyá ó dára kí ọmọbìnrin náà lọ. The Dead ni kí ẹ fi kẹ́yìn, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ fún ìpàdé tirẹ̀, nítorí ó gùn, kò sì yẹ kí ẹ fi ìkánjú kà á.